Ohun Tí Kò Pariwo Ló Ń Jẹ Iná Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò buyì kún mi rárá, ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn sí kòtò ní tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ bí kòtò náà ti rí.

Alágbàfọ̀ ni mí. Igbóbì ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí Fádéyì, níbi tí ariwo ọkọ̀ títì Ìkòròdú kì í ti í dákẹ́. Ẹni tí kò mọ Igbóbì yóò ti gbọ́ nípa ilé ìwòsàn eegun tó wà níbẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945 fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Tàbí kí ó ti gbọ́ orúkọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Igbóbì, tí àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Áńgílíkà dá sílẹ̀ ní ọdún 1932. Láti ilé ìwòsàn yìí ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń wá. Aṣọ funfun ni wọ́n máa ń kó wá, aṣọ funfun kò sì fẹ́ áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná dáadáa.

Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni òun lò títí tí ó fi fẹ̀yìn tì. Ohun kan wà nípa áyọ́ọ̀nù eléèédú tí n kò ronú sí nígbà náà: gbogbo ojú ló ń rí ohun tó ń jẹ. Bí àpò èédú bá ti ń rọ̀, ìyá mi yóò rí i, yóò sì pariwo kí ọjà tó tú. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò ní àpò. Inú wáyà ló ń gbà wọlé. Kò sí ẹni tó rí i nígbà tó ń wọlé, kò sí ẹni tó rí i nígbà tó ń tán lọ. Ohun tí ojú kò bá sì rí, ẹnu lásán ni ènìyàn fi ń wọ̀n ọ́n.

Áyọ́ọ̀nù tèmi jẹ́ òyìnbó tòkunbọ̀ ńlá kan, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Nǹkan bí ọdún 11 ni ó ti wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára ti pa rẹ́. Ohun inú rẹ̀ tó yẹ kó máa dá iná dúró fúnra rẹ̀ bí ó bá ti gbóná tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Èmi àti ọmọọṣẹ́ mi ni a máa ń fi ọwọ́ pa á lára ògiri bí ó bá gbóná jù, a ó sì tún tàn án bí ó bá fẹ́ tutù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí pé kò sí aṣọ tó ń ṣagídí níwájú rẹ̀.

MÍTÀ BẸ̀RẸ̀ SÍ Í KÉ

Ilé tí à ń gbé ní yàrá mẹ́jọ. Mítà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, irú èyí tí a máa ń sanwó sí kí iná tó wọlé. Olúkúlùkù máa ń dá 5,000 náírà lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40,000, ó sì máa ń gbé wa dé òpin oṣù láìsí ìjà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná fọwọ́ sí i pé kí owó yúníìtì kan kúrò ní nǹkan bí 68 náírà, kí ó di 225 náírà, fún àwọn àdúgbò tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Àdúgbò wa wà lára wọn. Láti ìgbà náà owó yìí ti yí padà, ṣùgbọ́n 225 ni ní àkókò tí mò ń wí yìí. Àwa dá 40,000 wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Nígbà tí wọ́n yọ owó orí ìjọba kúrò, yúníìtì 165 ló wọlé fún wa. Kò pé ọjọ́ 11 tí mítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì-píì bí ọmọ adìyẹ tí àwòdì gbé ìyá rẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òkùnkùn ti bo gbogbo wa.

Bàbá onílé pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ni akọ̀wé àwọn ayálégbé, èmi náà sì ni ẹnu mi mú jù nínú ilé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ta ló ń jẹ iná wa? Bí mo ti bi wọ́n báyìí, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo ojú yí sí.

Ìyá Olómi-tútù ni a máa ń pe obìnrin tó ń gbé níbẹ̀. Opó ni. Fíríìsà ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó máa ń di omi àti sobo sínú ọ̀rá, a gbé e sínú fíríìsà náà, bí ó bá sì di ọ̀sán, a gbé e lọ sí ẹ̀bá ilé ìwòsàn láti tà á fún àwọn tó wá kí aláìsàn wọn. Fíríìsà yìí a máa kùn púpọ̀. Lóru, nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, ẹ ó máa gbọ́ ọ, hùùù, hùùù, bí àgbàlagbà tó ń hanrun.

Mo dìde, mo tún agbádá mi ṣe, mo ní, “Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ yìí kò gba babaláwo. Ohun tó ń kùn tọ̀sán-tòru yẹn ni ó ń jẹ iná wa.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. A fi ẹnu kò pé kí Ìyá Olómi-tútù máa san 15,000 náírà lóṣù, tàbí kí ó gbé fíríìsà rẹ̀ jáde kí oṣù tó parí.

Obìnrin náà kò pariwo. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá Ìbejì, mo ti gbọ́ o. Ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n ni?”

Mo fi ẹ̀rín sí i. Mo ní, “Ohun tí gbogbo ayé fi etí gbọ́, kí ni a tún fẹ́ wọ̀n níbẹ̀?”

Lóru ọjọ́ náà, ìyàwó mi ní, “Ẹ rántí pé obìnrin yìí ló bá mi gbé Kẹ́hìndé lọ sí ilé ìwòsàn lóru, ní ọjọ́ tí ẹ lọ sílé.” Mo kọjú sí ògiri, mo ṣe bí ẹni tó ti sùn. Láti ọjọ́ kejì, n kò kí Ìyá Olómi-tútù mọ́, òun náà kò sì kí mi. Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé ó ti rí ẹni tí yóò ra fíríìsà náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ọjọ́ Àìkú ni oníbàárà náà yóò wá gbé e, lẹ́yìn ìsìn. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí opó ti ń jẹun ní Èkó yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

ỌMỌ OLÓMI-TÚTÙ WỌLÉ WÁ

Ní ọjọ́ Bọ̀ (ìyẹn Ọjọ́bọ̀) ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò tíì ju ọmọ ọdún 16 lọ, ilé ìwé girama ni ó wà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ wo nọ́ńbà tó wà lára áyọ́ọ̀nù yín.”

Mo ní, “Nọ́ńbà rẹ̀ ti pa rẹ́. Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Ó ní, “Kò burú sà. Bí a bá rí ẹni tó lè wọn fólítì rẹ̀ àti áńpù rẹ̀, a ó fi ìṣirò mọ ìyókù.”

Inú bí mi. Mo ní kí ó padà lọ bá ìyá rẹ̀, kí ó sì sọ fún un pé ìpàdé ti parí. N kò mọ̀ pé Bàbá onílé jókòó sí ìta tí ó ń gbọ́ wa. Ó yọjú wọlé, ó ní, “Ẹ má lé ọmọ náà. Bí ó bá dá yín lójú pé ẹ jàre, kí lẹ ń bẹ̀rù ìṣirò fún?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n, kí gbogbo ilé sì wá wò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Bàbá onílé pe oníṣẹ́ iná kan wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin onísùúrù ni. Ó mú ẹ̀rọ ìwọná kan dání tó ní ẹnu bí ti akàn. Ó ní bí òun bá fi ẹnu akàn yìí gbá wáyà kan ṣoṣo mú, yóò sọ iye áńpù tó ń kọjá; ṣùgbọ́n bí òun bá gbá wáyà méjèèjì mú pọ̀, òdo ni yóò sọ, nítorí pé iná tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ yóò pa ara wọn rẹ́. Nítorí náà ni ó fi mú wáyà kúkúrú kan wá tí ó ti la ikùn rẹ̀ láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí ó tó wọn ohunkóhun, ó ṣàlàyé fún wa. Ó ní, “Gbogbo yín lẹ mọ táńkì omi orí òpó. Bí táńkì bá ga, omi á fi agbára tì wálẹ̀. Títì yẹn ni fólítì. Omi tó ń gba inú páìpù kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni áńpù. Bí páìpù bá tẹ́ẹ́rẹ́, omi yóò kọjá díẹ̀; bí ó bá fẹ̀, omi yóò kọjá púpọ̀. Ìdènà tí páìpù ń ṣe yẹn ni à ń pè ní óòmù tí ó bá di ti iná. Bí ẹ bá fi áńpù pín fólítì, ẹ ó rí óòmù. Bí ẹ bá sì sọ fólítì di púpọ̀ ní ọ̀nà iye áńpù, ẹ ó rí wáàtì, ìyẹn ni iye agbára tí nǹkan náà ń jẹ. Kò tún sí awo kankan níbẹ̀.”

Fíríìsà ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ̀rọ náà sọ pé fólítì 220, áńpù 1. Ọmọ náà ti mú ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan dání, irú èyí tí àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú máa ń tẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: 220 lọ́nà 1 jẹ́ wáàtì 220. Oníṣẹ́ iná ní fún ohun tó bá ní mọ́tọ̀ nínú, ìṣirò yìí a máa ju ohun tó ń jẹ gan-an lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ṣègbè fún opó.

Lẹ́yìn náà ni ó kan áyọ́ọ̀nù mi. Mo tàn án. Ẹ̀rọ ní fólítì 220, áńpù 8. Ọmọ náà kọ ọ́: ẹ fi 8 pín 220, ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 27.5. Ẹ sọ 220 di ọ̀nà 8, agbára tó ń jẹ jẹ́ wáàtì 1,760.

Ilé dákẹ́. Áyọ́ọ̀nù mi náà dákẹ́, nítorí pé kì í kùn. Mẹ́jọ ni ó jẹ ti fíríìsà, láìjẹ́ kí eṣinṣin pàápàá gbọ́.

ÌDÁ KAN NÍNÚ ỌGỌ́RÙN-ÚN

N kò fẹ́ gbà. Mo ní àkàn rẹ̀ lè purọ́. Oníṣẹ́ iná rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rí mìíràn wà lára ògiri, ìyẹn ni mítà tí gbogbo wa ń sanwó fún. Yúníìtì kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ni 1,000 wáàtì fún wákàtí kan. Nítorí náà áyọ́ọ̀nù mi yóò jẹ yúníìtì 1.76 ní wákàtí kan, yóò sì jẹ 0.44 ní ìṣẹ́jú 15.

A pa gbogbo nǹkan nínú ilé, láti orí gílóòbù dé orí fáànù. Mítà wà ní 41.20. Ọmọọṣẹ́ mi mú aṣọ tútù, ó ń lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 láìdáwọ́ dúró, Bàbá onílé ń wo aago. Nígbà tí a padà wo mítà, ó ti wá sí 40.75.

Ohun tó lọ jẹ́ 0.45. Ọmọ náà ti sọ pé 0.44. Mo mí kanlẹ̀, mo ní, “Ó ti tó, mo gbà. 0.01 kò tó ohun tí à ń jà sí.”

Ọmọ náà ní, “Ó lè jẹ́ mítà ló sún un díẹ̀ sà. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibo ni ìyókù gbà lọ?”

Oníṣẹ́ iná wojú rẹ̀, ó sì wò mí. Ó bi mí pé ibo ni wáyà áyọ́ọ̀nù mi ti ń mu iná. Mo ní láti sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá, ó gba inú wáyà gígùn kan tí mo so. Ó wọn iná lára ògiri: fólítì 226. Ó wọ̀n ọ́n ní ìdí áyọ́ọ̀nù: 220. Fólítì 6 ti sọnù sójú ọ̀nà.

Ọmọ náà tún kọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an: ẹ fi 8 pín 6, ìdènà wáyà náà jẹ́ óòmù 0.75. Ẹ sọ 6 di ọ̀nà 8, ó jẹ́ wáàtì 48. Wáàtì 48 tí kò gbóná sórí aṣọ ẹnikẹ́ni, inú wáyà ló ti ń gbóná.

Níbo ni wáyà náà wà? Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ká a jọ bí ejò sí abẹ́ agbọ̀n aṣọ tí mo ti lọ̀, kí ó má baà gbé oníbàárà ṣubú. A gbé agbọ̀n náà kúrò. Awọ wáyà ti rọ̀ bí àkàrà tí wọ́n sè sínú omi gbóná, ojú ibi tí mo ti fi téèpù so ó ti pọ́n bí ìgbá. Nísàlẹ̀ agbọ̀n, aṣọ funfun nọ́ọ̀sì kan ti ní àmì ìjóná tó tó àtẹ́lẹwọ́.

Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Yàrá mẹ́jọ ni, àwọn ọmọdé tó ń sùn níbẹ̀ lálaalẹ́ kò kéré ní 14. Ẹni tó fi ẹnu lé opó jáde nítorí fíríìsà, òun ni ó tẹ́ ẹní iná sílẹ̀ fún gbogbo ilé.

Oníṣẹ́ iná ṣàlàyé kan fún mi tí n kò ní gbàgbé. Ní ọdún 1841, ọmọ alápọtí kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, James Joule, fi hàn pé ooru tó ń wà nínú wáyà kì í bá áńpù lọ ní ẹsẹ̀ kan náà. Bí áńpù bá di ìlọ́po méjì, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ìdí nìyí tí wáyà tó gbé gílóòbù àti rédíò láìsí ìyọnu fi lè di èèmọ̀ bí ẹ bá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sì ká a jọ tàbí kí ẹ fi aṣọ bò ó, ooru náà kò ní rí ibi jáde.

GBÈSÈ MI

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ka wákàtí. Ọmọ náà jókòó ti fíríìsà ìyá rẹ̀, ó ń kọ ìgbà tó bá kùn àti ìgbà tó bá dákẹ́. Ìdajì àkókò ni ó ń kùn. Nínú wákàtí 20 tí iná ń wà, wákàtí 10 ni ó ń jẹ iná, èyí jẹ́ yúníìtì 2.2. Ọmọọṣẹ́ mi ka ti áyọ́ọ̀nù: àpapọ̀ ìgbà tí a tàn án láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ jẹ́ wákàtí 5, èyí jẹ́ yúníìtì 8.8.

Mo jókòó, mo sì ṣe ìyókù ìṣirò náà fúnra mi lórí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà yẹn. Ní ọjọ́ 10 tí iná wa fi tán, fíríìsà jẹ yúníìtì 22. Ní 225 náírà, ó jẹ́ 4,950 náírà, láìka owó orí. 5,000 ni Ìyá Olómi-tútù san! Èmi ṣiṣẹ́ ọjọ́ 9 nínú ọjọ́ 10 náà, nítorí pé n kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Áyọ́ọ̀nù mi jẹ yúníìtì 79.2, owó rẹ̀ sì jẹ́ 17,820 náírà. 5,000 ni èmi náà san. Ó túmọ̀ sí pé mo jẹ ará ilé ní 12,820 náírà, mo sì dìde láàárín wọn, mo tún agbádá ṣe, mo ń na ìka sí ẹlòmíràn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, èmi àti ìyàwó mi lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Olómi-tútù. Mo ti to ọ̀rọ̀ púpọ̀ jọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo ní, “Ìyá, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ bi mí bóyá mo ti wọ̀n ọ́n, mo sì fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ má jẹ́ kí ẹni yẹn gbé fíríìsà yín lọ.”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Fíríìsà rẹ̀ ń kùn láàárín wa. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá Ìbejì, owó kọ́ ló dùn mí. Ọjọ́ méjìlá ni ẹ fi ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi láìkí mi, tí ọmọ mi sì ń wò yín. Ìyẹn, èwo nínú mítà ló máa kà á?”

N kò rí èsì fún un. Mo ṣáà ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó yọ omi tútù méjì nínú fíríìsà, ó fún èmi àti ìyàwó mi. Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí oníbàárà rẹ̀ dé, ó ní òun kò tà mọ́.

Mo san 12,820 náírà náà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Mo fi àgbàlagbà áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀, mo ra èyí tó ń pa iná ara rẹ̀ bó bá gbóná tó. Oníṣẹ́ iná fa wáyà tó nípọn sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì fi mítà kékeré kan sí i tó ń ka tèmi nìkan. Àwọn yòókù ń dáwó gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ohun tí olúkúlùkù ní, kò sì sí ìpàdé ìjà mọ́ láti ìgbà náà. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀ fún mi. Nǹkan bí 60 aṣọ ni mo ń lọ̀ lójúmọ́. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, 8.8 lọ́nà 225 jẹ́ 1,980 náírà, ìyẹn ni pé 33 náírà ni iná ń jẹ lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láìmọ ohun tó ń jẹ èrè mi.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ FI SỌ́KÀN

Mo bi ọmọ náà léèrè ẹni tó kọ́kọ́ rí ọgbọ́n óòmù yìí. Ó ní ará Jámánì ni, Georg Simon Ohm, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ olùkọ́. Ní ọdún 1827 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú rẹ̀ kò kà á sí. Ó di ọdún 1841 kí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tó fi àmì ẹ̀yẹ ńlá dá a lọ́lá. Mo ronú pé ọ̀rọ̀ náà bá tèmi mu: olùkọ́ ni wọn kò fẹ́ gbọ́ lọ́hùn-ún, ọmọdé ni èmi kò fẹ́ gbọ́ ní Igbóbì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ayálégbé, ẹ̀yin onítẹ̀wé Ṣómólú, ẹ̀yin aránṣọ Bàrígà, ẹ wo ara ohun tí ẹ ń lò. Bí wọ́n bá kọ wáàtì síbẹ̀, ẹ fi fólítì pín in, ẹ ó mọ iye áńpù tó máa gba inú wáyà yín. Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, ẹ pe oníṣẹ́ iná kí ó wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín tú wáyà o. Ohun tó bá ń mú nǹkan gbóná, bíi áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù àti ààrò oníná, ẹ fura sí i ju ohun tó ń pariwo lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀, ẹ kọ́kọ́ ro wáàtì yín pọ̀. Àwọn kékeré tí a ń fà lókùn, tí wọn kò tó 1,000 wáàtì, kò lè gbé áyọ́ọ̀nù bíi tèmi àtijọ́ láéláé, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó.

Èyí tó jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kí ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dá ẹjọ́. Ọmọ Olómi-tútù ti wọ ilé ìwé gíga báyìí, iṣẹ́ iná ni ó ń kọ́. Nígbà tó ń lọ, èmi ni mo lọ gbogbo aṣọ rẹ̀, n kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó wo mítà kékeré mi kí ó tó jáde, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ó jẹ́ 0.62.” Mo ní kí ó kọ ọ́ sí gbèsè mi.

Ire o.